Ẹni Tó Di Okùn Kànga Mú Kì Í Jẹ́ Ìpè

Kì í ṣe èmi ni mo fi iṣẹ́ kànga sílẹ̀, iṣẹ́ kànga ló já mi jù sílẹ̀. Mi ò tí ì darúgbó. Àwọn tí a jọ jáde ìwé mẹ́fà ní Ṣakí ṣì ń kọ ebè iṣu títí di òní. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé etí kànga báyìí, n ó wá nǹkan dì mú kí n má baà ṣubú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ tèmi. Mi ò ní sọ pé ẹ ṣe é, mi ò sì ní sọ pé ẹ má ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí láti gba ènìyàn nímọ̀ràn. Àmọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń retí èsì lẹ́nu mi. Ṣàkírù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Mùtíù ọ̀rẹ́ mi tó ti dolóògbé. Ó ní òun fẹ́ máa gbẹ́ kànga bíi bàbá òun, kí n fi okùn lé òun lọ́wọ́. Torí rẹ̀ ni mo ṣe ń ro gbogbo ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá n ó mọ ohun tí n ó sọ fún un.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí kò gùn. Bàbá mi kú, ilẹ̀ oko wa kò tó pín, ẹ̀gbọ́n mi sì mú mi lọ sí Òfìkí lọ́dọ̀ Bàbá Àyìnlá, agbẹ́kànga. Ohun tó ń wọlé níbẹ̀ tó jẹun, ó tó fẹ́yàwó, kò tó kọ́lé. Ó tán.

Bàbá Àyìnlá kò ga, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le bí ìdí igi emi tó ń so òrí. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, nítorí ó ti lo ayé rẹ̀ níbi tí ohùn kékeré ti ń dún ròkè. Mùtíù ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Odindi ọdún kan ni ọ̀gá kò fi jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ kan inú kànga. Okùn ni mo ń dì mú.

Ẹ ó ní kí ni ènìyàn ń kọ́ nínú okùn dídìmú. Kànga gbígbẹ kan wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá mi. Á so òkúta ńlá mọ́ okùn, á sọ ọ́ kalẹ̀ sínú rẹ̀, á ní kí èmi àti Mùtíù dì í mú. Ìgbà yẹn ni ìdánwò máa ń bẹ̀rẹ̀. Á ní kí ìyàwó rẹ̀ máa pe orúkọ wa pé oúnjẹ ti délẹ̀. Á ní kí ẹnì kan sáré kọjá, kó máa pariwo pé oyin ń lé òun bọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ju ejò sí ẹsẹ̀ Mùtíù, kò sì sọ fún wa pé òkú ejò ni. Ẹni tó bá tú okùn sílẹ̀, ẹgba ni.

“Ta ló wà nísàlẹ̀ yẹn?” Bàbá á bi wá.

“Òkúta ni, Bàbá.”

“Irọ́ ni. Ìyá rẹ ló wà níbẹ̀.”

Mùtíù kò mọ bí a ti í pa ẹnu mọ́. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi sanra ju òkúta yìí lọ. Okùn yín á já.”

Ó jẹ ẹgba tiẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi fi ń kọ́ wa kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó di okùn kànga mú kì í jẹ́ ìpè. Bí ilé ń jó, ó dìgbà tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá jáde kó tó mọ̀ pé iná ni. Àṣekágbá ìdánwò tèmi nìyí. Mo dúró ti okùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn mi. Ìyá mi gan-an ni. Ọ̀gá ti ránṣẹ́ pè é láti Ṣakí láìjẹ́ kí n mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i.

“Làmídì! Làmídì, ọmọ mi!”

Mi ò dáhùn. Ojú okùn ni mo tẹjú mọ́, omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ mi.

“Àbí kò gbọ́ mi ni?” ìyá mi bi ọ̀gá. “Ẹ ti sọ ọmọ mi di adití.”

“Ó gbọ́ ọ yín, Ìyá,” ọ̀gá mi dá a lóhùn. “Ó gbọ́ ọ yín dáadáa. Ó ti di agbẹ́kànga lónìí.”

Ó kọ́ wa ní nǹkan méjì mìíràn tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí wọ́n ń bọ̀ wá bá wa níwájú. Àkọ́kọ́ ni pé kí a tó wọ kànga, kí a kọ́kọ́ tan àtùpà, kí a sọ ọ́ kalẹ̀. Bí iná bá kú, kò sí èémí níbẹ̀, má wọ̀ ọ́. Bí iná bá dúró, wọlé. Èkejì ni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan, là ń gbẹ́ kànga. Omi tí o bá bá nígbà òjò, àlejò ni. Èyí tí o bá bá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, onílé ni.

Nígbà tí a gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá, èmi àti Mùtíù jọ ń ṣiṣẹ́, àwa pẹ̀lú àwọn méjì tí wọ́n ń di okùn mú fún wa, ará Òfìkí ni wọ́n, ọmọ iṣẹ́ Bàbá bíi tiwa. A gbẹ́ kànga káàkiri. A gbẹ́ ní Ìpàpó. A gbẹ́ ní Ìgbẹ́tì, níbi tí díígà ti ń ta padà lára òkúta bíi pé ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tó ń kọ̀ wá. Ìdùnnú wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá kọ́kọ́ kan ẹrẹ̀ tútù nínú òkùnkùn yẹn, tí o kígbe pé omi dé, tí àwọn obìnrin ilé ń dáhùn lókè, kò sí oyè tó jù ú.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Okùn tí a fi èèpo igi lọ́ kásẹ̀ nílẹ̀, okùn ọ̀rá dé. Ríìngì oníṣìmẹ́ńtì tí à ń tò sí ara ògiri kànga dé, kànga kò wó mọ́ bíi tàtijọ́. Ọkọ̀ ńlá tó ń lu ilẹ̀ dé pẹ̀lú. Wọ́n lu kànga dẹ̀rọ kan fún àdúgbò wa, wọ́n kun tánkì rẹ̀ láwọ̀ búlúù, àwọn èèyàn ńlá sọ̀rọ̀, wọ́n ya fọ́tò. Ẹ̀rọ náà bàjẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ ló ń sùn sábẹ́ tánkì náà báyìí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe irinṣẹ́ nìkan ló yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí a bá gbẹ́lẹ̀ dé omi, ẹni tó wà lókè ṣì lè rí eyín ẹni tó wà nísàlẹ̀ bó bá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, a kò rí eyín mọ́, fìlà nìkan là ń rí. Nígbà tó tún yá, kò sí fìlà. Ohùn nìkan ló kù, ohùn náà á sì máa bọ̀ bíi pé ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́. Òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tan àgbẹ̀ jẹ, àgbàdo á hù, òjò á wá sá lọ títí èéhù á fi jóná mọ́lẹ̀. Onílé tí ọ̀gá mi ń sọ ti ń kó ẹrù rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo wa la rí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé a kò mọ̀. A pe ìpàdé àdúgbò nítorí rẹ̀. Àwọn àgbà ní kí a dẹ́kun gígé igi emi fún èédú, torí ilẹ̀ tí kò ní igi kò lè di omi mú. Ẹnì kan tó ń sun èédú dìde.

“Bí èmi ò bá gé e, ṣé àlejò kò ní wá gé e?”

“Ẹ máa gé e,” Mùtíù dáhùn. “Bí ẹ bá gé e tán, kí ẹ máa fi èédú wẹ̀.”

Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń sun èédú náà rẹ́rìn-ín. A ṣe àdúrà òjò, a tú ká. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, ọkọ̀ èédú méjì ti kọjá níwájú ilé mi, wọ́n kún dé ẹnu.

Ìgbà tí Kòrónà dé, ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ti pẹ́ jù. Rédíò ń sọ ọ́ láti àárọ̀ dé alẹ́ pé kí a máa fọwọ́. “Wọ́n ní ká fọwọ́,” Mùtíù ní. “Ṣé itọ́ la ó fi fọ̀ ọ́?” Wọ́n ti ojú ọ̀nà, wọ́n ti mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà ń ṣí ní ìkọ̀kọ̀. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí a ń sá fún, ojú ara wa nìkan là ń wò. Ẹni tó bá wúkọ́ lórí ọ̀kadà, ọlọ́kadà á já a sílẹ̀ nínú igbó.

Àsìkò náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí wa láti ìletò kan lójú ọ̀nà Ìpàpó. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì wà láàyè, mi ò sì fẹ́ ìjà. Kànga kan ṣoṣo tó kù fún wọn, ní ilé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jímọ̀, ti fẹ́ gbẹ tán. Wọ́n fẹ́ kí a gbẹ́ ẹ sí i. Èmi àti Mùtíù gba ọ̀nà inú igbó lọ. Àwọn méjì tó ń di okùn mú fún wa wà ní Òfìkí, àwọn tó ti ojú ọ̀nà kò jẹ́ kí wọ́n kọjá.

“Àwa náà ní ọwọ́,” Jímọ̀ ní. “Okùn kì í ṣe ìwé, a lè dì í mú.”

Ó pe àwọn aládùúgbò rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó taagun. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, arúgbó tí etí rẹ̀ ti di pátápátá. Ó ń tẹ̀ lé wa kiri, ó ń fẹ́ bá wa ṣe nǹkan.

“Ẹ jẹ́ kó di ìdí okùn kan mú,” Jímọ̀ ní, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bí kò bá rí iṣẹ́ ṣe, yóò bá gbogbo wa jà.”

Ní ìletò yìí, omi ti jìn ju ohun tí ẹ̀rọ ìfami kékeré tó ń mu epo bẹntiróòlù lè fà láti òkè. Ohun tí àwa agbẹ́kànga ti ń ṣe láti ìgbà tí omi ti ń sá lọ ni pé a ó de pákó sí agbedeméjì kànga, a ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ sórí rẹ̀, kó lè sún mọ́ omi. Gbogbo wa ló ń ṣe é. Mùtíù tan ẹ̀rọ náà, ó jáde, omi ń tú. Nígbà tí epo tán, ẹ̀rọ dákẹ́ fúnra rẹ̀. A jẹun, kí èéfín lè jáde. Lẹ́yìn náà, a ṣe bí ọ̀gá wa ṣe kọ́ wa: a tan àtùpà, a sọ ọ́ kalẹ̀.

Iná náà dúró ṣánṣán. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi.

Ohun tí ọ̀gá wa kò mọ̀, tí àwa náà kò mọ̀, ni pé èéfín ẹ̀rọ yìí kì í pa iná. Ènìyàn ló ń pa. Nígbà ayé Bàbá Àyìnlá, kò sí ẹ̀rọ nínú kànga, torí omi kò tí ì jìn tó bẹ́ẹ̀.

Mùtíù wọlé. A gbọ́ díígà rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan. Mo pè é, ohùn tèmi ló padà wá bá mi. Mo ní kí wọ́n so okùn kejì mọ́ mi níbàdí. Mo yí i mọ́ ìdí igi dóńgóyárò tó wà níbẹ̀, mo fi ìparí rẹ̀ lé ìyá arúgbó náà lọ́wọ́, torí okùn Mùtíù ni àwọn ọkùnrin náà dì mú, mo fi ọwọ́ júwe fún un pé bó bá ti dẹ̀, kó máa fà á. Ó jókòó sí ìdí igi, ó kọ ẹ̀yìn sí kànga, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti gbòǹgbò. Mo wọlé.

Mùtíù jókòó sínú ẹrẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Okùn rẹ̀ ṣì wà níbàdí rẹ̀. Orí mi ti ń fọ́, ẹsẹ̀ mi ti ń di òwú. Mo kígbe pé kí wọ́n fà á. Wọ́n fà á dáadáa, àwọn ọkùnrin yẹn lágbára. Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń gòkè, ó bo ìmọ́lẹ̀, ó tún ṣí i. Ìfófòó wà lẹ́nu rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi pé òun ni wọ́n rí nígbà tí mo gbọ́ ariwo náà.

“Kòrónà ni! Kòrónà ló wà nínú ẹ̀! Ẹ sá o!”

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí ènìyàn bá wà nínú kànga, ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá lókè máa ń dún bí òjò tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Mo pe Jímọ̀. Mo pe Ọlọ́run. Mo fi ẹsẹ̀ wá ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ara ògiri fún àtẹ̀gùn, mo gun ọ̀kan, mo yọ̀, mo sì mọ̀ pé mo ti kú. Mi ò ṣubú. Okùn náà mú mi. Mo gun òmíràn, okùn náà dẹ̀, ó sì tún le, ẹnì kan ń fà á mọ́ igi díẹ̀díẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí mo fi àyà lé ẹnu kànga, kò sí ẹnì kankan ní gbogbo àgbàlá náà àfi ìyá arúgbó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Kò gbọ́ ariwo kankan. Kò mọ̀ pé wọ́n ti sá. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ẹ ti bá omi?” ó bi mí.

Mùtíù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n jù ú sí, ojú rẹ̀ dojú kọ oòrùn. Ikùn rẹ̀ ṣì ń lọ sókè sódò. Mo pariwo pé kí wọ́n bá mi gbé ọ̀kadà wá. Wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n fi aṣọ bo imú.

“Ẹ má sún mọ́ wa o! Ẹ dúró síbẹ̀!”

“Èéfín ni! Ẹ̀yin èèyàn mi, èéfín ẹ̀rọ ni!”

“A ti gbọ́. Ẹ dúró síbẹ̀ náà.”

Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n se àgbo, wọ́n fi ọ̀pá gígùn ti igbá rẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn ń sunkún. Ìyá arúgbó náà gbé orí Mùtíù lé itan rẹ̀, ó ń fi ìborùn fẹ́ ẹ. Kí wọ́n tó kí ìrun Àsárì, Mùtíù ti dákẹ́. Jímọ̀ ju ọkọ́ méjì sí mi láti ẹ̀yìn ọgbà. Èmi nìkan ni mo sin ọ̀rẹ́ mi.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n di kànga náà pa. Wọ́n ní àrùn wà nínú rẹ̀. Omi ti wà níbẹ̀ o. Mo fi ẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́. Odò tí màlúù ń mu ni wọ́n ń lọ pọn láti ìgbà náà, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ sì fọ ìgbẹ́ gbogbo ẹ̀bá odò wọnú rẹ̀, onígbáméjì dé. Awakọ̀ kan ló sọ fún mi. Ìyá arúgbó náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Àrùn tí wọ́n sá fún kò pa ẹnì kankan ní ìletò yẹn. Èyí tí wọ́n bù mu ló pa wọ́n.

Mi ò gbẹ́ kànga mọ́. Omi inú ọ̀rá ni mò ń tà níwájú ilé, ọkọ̀ ló ń gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn.

Ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni Ṣàkírù wá bá mi, ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí.

“Bàbá Rúkà, ẹ káàsán o.”

“Ṣàkírù. Ìyá rẹ ńkọ́?”

“Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n má wá.”

“Kí ló wá gbé ọ wá?”

“Kànga ilé wa ti gbẹ. Tiyín náà ti gbẹ. Ta ni yóò gbẹ́ ẹ, Bàbá? Ewúrẹ́ abẹ́ tánkì?”

Ẹnu bàbá rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Mo bi í pé ta ni yóò di okùn rẹ̀ mú.

“Àwọn ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n lágbára.”

“Mi ò bi ọ́ nípa agbára.”

Mo ní kó kó wọn wá. Wọ́n wá tẹ̀rín-tẹ̀rín, ọ̀kan wọ aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, wọ́n fẹ́ ya ara wọn ní fọ́tò. Mo so òkúta mọ́ okùn, mo sọ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga mi tó ti gbẹ, mo fi okùn lé gbogbo wọn lọ́wọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n dì í mú títí ọwọ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Lẹ́yìn náà mo bọ́ sẹ́yìn wọn, mo sì kígbe.

“Onígbáméjì ti wọ àdúgbò o! Ó ti mú ará ilé ìsàlẹ̀!”

Wọ́n sá. Mi ò bínú sí wọn. Ilé ìyá wọn ni wọ́n sá lọ.

Ṣàkírù nìkan ni kò sá. Òkúta náà fà á lulẹ̀, ó wọ́ ọ lórí ikùn dé etí kànga, ó fi ẹsẹ̀ ti ríìngì, ó sì dúró. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Mo wá bá a di okùn mú, a jọ sọ òkúta náà kalẹ̀. Ó balẹ̀, ó dún gbà, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

“Bàbá, mo dì í mú o,” ó ní. “Ṣé mo yege?”

Kí ni kí n sọ fún un? Ó yege. Ṣùgbọ́n òun ló máa wà nísàlẹ̀. Àwọn tó sá ló máa wà lókè.

Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ariwo mi. Ó ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ̀rù wà nínú ohùn rẹ̀.

“Ṣàkírù! Ṣàkírù, ọmọ mi! Níbo lo wà?”

Ọmọ náà gbójú sókè wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára okùn. Kò jẹ́ ìpè.